Ọmọ Tí Kò Lo Ìlédìí Mọ́ Nílé: Báwo Ni A Ó Ṣe Máa Mú Un Jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dá wa lóhùn. Ọmọkùnrin mi ti lé lọ́mọ ọdún méjì. Láti ìgbà tí a ti bọ́ ìlédìí kúrò nídìí rẹ̀ nílé, ó ti ń jókòó sórí póò rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ yàgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé póò náà wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jáde báyìí, gbogbo rẹ̀ a dojú rú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbé e lọ sí ilé ìtọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, kò tọ̀ rárá. Bí a ṣe padà jókòó, ó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n dá ìlédìí padà sí i nídìí, ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Lóṣù tó ń bọ̀, a ó wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kò fi hàn pé ọmọ yín ti gbàgbé ohun tí ẹ kọ́ ọ. Ibi tí a ń tọ̀ sí ni ọmọ ọjọ́ orí yìí máa ń kọ́kọ́ mọ̀: póò rẹ̀, igun ilé tí póò náà wà, àti ohùn ìyá rẹ̀ tó ń ṣe “ṣìì” sí i létí. Kí ó mọ̀ ọ́n lára pé ìtọ̀ ń bọ̀, kí ó mú un dúró díẹ̀, kí ó sì wí fún àgbàlagbà kí ó tó bọ́, ìyẹn ṣì wà níwájú. Nítorí náà, bí ẹ bá mú un jáde tí ẹ kò gbé póò rẹ̀ dání, ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni ẹ fi sílẹ̀ nílé yẹn.

Ẹ tún fi ojú ọmọ wo ilé ìtọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjókòó rẹ̀ ga, ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí ọmọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ẹnìkan sì lè fa omi ní yàrá kejì kí ó hó gèè. Iṣan tó ń dí ẹnu àpò ìtọ̀ ní láti dẹ̀ kí ìtọ̀ tó lè jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ni ó máa ń mú un le. Nígbà tí ó padà sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, iṣan náà dẹ̀, ìtọ̀ sì dé. Kì í ṣe oríkunkun, kò sì mọ̀ọ́mọ̀ dójú tì yín. Bí kò bá sí ibòmíràn ju irú ìjókòó gíga bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e jókòó kí ó kọjú sí ògiri, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn ìjókòó náà mú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jáde kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fa omi.

Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ máa gbé póò náà lọ. Ẹ ki ọ̀rá tí kò jò sínú rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹnu ọ̀rá náà bo etí póò yíká, kí ẹ sì tẹ́ àkísà òwú gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ kí ó lè fa ìtọ̀ mu. Bí ó bá ti ṣe tán, ẹ ká ẹnu ọ̀rá náà jọ, ẹ so ó, ẹ fi ọ̀rá kejì wé e, kí ẹ mú un dání títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Gọ́tà kọ́ ni ibi tí à ń jù ú sí, bó ti wù kí ojú máa kán wa tó.

Ìṣirò kan tí àwọn dókítà ọmọdé máa ń lò ni kí wọ́n fi 2 kún iye ọdún ọmọ, kí wọ́n sì fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tó bá jáde ni mìlílítà ìtọ̀ tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè gbà. Ti ọmọ ọdún méjì jẹ́ bíi 120. Omi inú ọ̀rá tí à ń rà lójú pópó jẹ́ mìlílítà 500, nítorí náà àpò ìtọ̀ ọmọ yín kò tó gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ẹ wá ro iye wákàtí tí a fi ń ṣe ìsìn nílẹ̀ wa. Kí ẹ tó wọlé, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ìsìn, ó yẹ kí ẹ mú un lọ sórí póò. Ẹ má bi í pé “ṣé o fẹ́ tọ̀?” torí “rárá” ni ọmọdé tó ń ṣeré máa ń dáhùn. Ẹ sọ fún un pé “Ó ti yá, à ń lọ tọ̀,” kí ẹ sì dìde. Bí ó bá ń lọ́ ẹsẹ̀ pọ̀, tí ó di iwájú ṣòkòtò mú, tàbí tí ó dákẹ́ lójijì nínú eré tó sì fara pamọ́ sẹ́yìn àga, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè kankan, ẹ gbé e lọ sórí póò.

Ẹ má ṣe fi omi dù ú nítorí pé ẹ fẹ́ jáde. Ọmọ tí kò mu omi tó, ìgbẹ́ rẹ̀ a le, yíyà á a sì dùn ún. Tí ó bá wá ń sé e mọ́ra, ìgbẹ́ tó kún inú rẹ̀ yóò máa tẹ àpò ìtọ̀, yóò sì túbọ̀ máa tọ̀ sára. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, bí ó bá ti mu ògì tán, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó gbé e sórí póò, nítorí oúnjẹ tó wọ ikùn ni ó máa ń ta ìfun jí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wọ aṣọ òde sí i lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìlédìí ló kù. Fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ilé ẹbí, ọkọ yín ni mo gbè lẹ́yìn: ẹ má dá a padà. Fún ọ̀nà Èkó, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ni kí ẹ gbà. Awakọ̀ èrò kò ní dúró fún ọmọ ọdún méjì, bí àwọn tírélà bá sì ti dí ọ̀nà ní Ògèrè, òun gan-an kò mọ ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀. Àga ọkọ̀ tó tutù fún ẹlòmíràn náà kò dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ìlédìí ọkọ̀ ni: ẹ wọ pátá sí i kí ẹ tó fi ìlédìí lé e lórí, kí ó lè mọ ọ́n lára bí ó bá tọ̀. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí póò sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí yóò rí. Èyí tó ń da orí ọmọ rú ni pé kí a wọ̀ ọ́ lónìí, kí a bọ́ ọ lọ́la, láìsí ìlànà kankan. Ẹ má sì ṣe gbé ọmọ sórí póò nínú ọkọ̀ tó ń lọ, torí ẹ kò mọ ìgbà tí awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì.

Ẹ ní kí télọ̀ tí ń rán aṣọ ẹbí rẹ̀ fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò dípò okùn, nítorí kí ẹ tó tú okùn tán, ìtọ̀ ti dé. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń mú pátá àti ṣòkòtò mìíràn dání, bàtà ni wọ́n máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ inú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ gan-an ni ìtọ̀ máa ń sàn sí. Ẹ fi sálúbàtà kan sínú báàgì. Bí ó bá tọ̀ sára lójú agbo, ẹ sọ pé “Jẹ́ ká lọ pààrọ̀ aṣọ,” ó tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì tètè bá àwọn àǹtí àti àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ ọdún méjì ní atọ̀ọ́lé láàárín àwùjọ, nítorí ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sé ìgbẹ́ mọ́ra.

Láàárín àkókò yìí sí ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ máa mú un lọ sí ibi tí kò jìnnà, bí ilé aládùúgbò, kí ó fi póò rẹ̀ tọ̀ níbẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń dùn ún, tí ibà ń gbé e, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó ti gbẹ fún oṣù mélòó kan tó tún ṣàdédé ń tọ̀ sára, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo sì máa ń mú ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, jáde ní Ìkẹjà. Bí ó bá ní òun fẹ́ tọ̀, ṣé ilé ìtọ̀ ọkùnrin ni kí n mú un wọ̀? — Bàbá Ọmọ, Èkó.

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni kí ẹ mú un lọ. Ẹ má ṣe fà á lé obìnrin tí ẹ kò mọ̀ rí lọ́wọ́ nítorí pé ojú ń tì yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ibẹ̀ ní yàrá ìtọ̀ kan tó dá dúró. Bí kò bá sí, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ yára kọjá ibi tí àwọn ọkùnrin ń dúró tọ̀ sí, ẹ wọ yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tì í. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè fi póò sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó dá ọkọ̀ dúró, kí ó sì fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí bo ọmọ lójú ènìyàn, mo sì rò pé ìyẹn mọ́ ju ọ̀pọ̀ ilé ìtọ̀ ìta lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń nù ún, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni kí ẹ nù ún sí, ẹ má ṣe fà á bọ̀ wá síwájú, nítorí ojú ìtọ̀ obìnrin kò jìnnà sí ihò ìdí, kòkòrò inú ìgbẹ́ a sì máa tètè dé ibẹ̀. Ẹ máa wí fún un pé bàbá tàbí màmá rẹ̀ ni ó ń bá a nu ìdí, pé bí ẹlòmíràn bá fẹ́ fọwọ́ kàn án níbẹ̀, kí ó pariwo kí ó sì wá wí fún yín. Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.