Ctrl+V nìkan kọ́ ni pésìtì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ẹ̀kọ́ táípù wa ní Ìkẹ́rẹ́. Èdè C# ni mo fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú WinForms, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ojú ètò lórí Windows. Àwọn ọmọ wa máa ń kọ́pì àyọkà tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀, wọn a sì pésìtì rẹ̀ sínú àpótí ìkọ̀wé. Mo ti fi KeyDown (ohun tó ń ta ètò lólobó bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì) ṣọ́ Ctrl+V, síbẹ̀ ọmọ kan tún “tẹ” 400 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnìkan ní kí n máa nu klípbọ́ọ̀dù, ibi tí ohun tí wọ́n kọ́pì ń dúró sí, nù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Màá padà sórí ìyẹn.

Àbúrò, ìbéèrè yìí ti sú mi í dáhùn, nítorí ibì kan náà ni gbogbo yín ti ń ṣìnà. Ẹ rò pé bọ́tìnnì ni pésìtì. Iṣẹ́ ni pésìtì. Bọ́tìnnì kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó lè bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Wo Adó lọ́jọ́ ọjà. Tí o bá gbé àga sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, tí o ń ka àwọn tó ń wọ̀lú, o ò ní rí ẹni tó gba Ìyìn wọlé, o ò ní rí ará Ìwòròkó, ẹni tó ti Ìjàn bọ̀ á sì ti jẹ iyán yó kí o tó gbọ́ pé ó dé. KeyDown rẹ nìyẹn. Ọmọ yẹn lè tẹ Shift+Insert. Ó sì lè fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì ṣí àkójọ, kó yan Paste níbẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fura sí jù.

Ẹnu ọ̀nà ọjà gan-an ni kí o lọ dúró sí. Lórí Windows, ọ̀nà yòówù kí èèyàn gbà nínú àwọn wọ̀nyí, TextBox, àpótí ìkọ̀wé yẹn, á gba iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní WM_PASTE, nọ́ńbà rẹ̀ ni 0x0302. Ṣẹ̀dá kíláàsì tìrẹ tó jogún TextBox, ṣe override WndProc (ìyẹn ni pé kí o fi tìrẹ rọ́pò ibi tó ń gba gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí àpótí náà), kí o yẹ m.Msg, nọ́ńbà iṣẹ́ náà, wò. Tó bá jẹ́ 0x0302, kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti aago sílẹ̀. Tí o ò bá fẹ́ kó wọlé, má pe base.WndProc, WndProc ti TextBox gan-an, fún iṣẹ́ yẹn. Ó tán. RichTextBox, àpótí ìkọ̀wé kejì, ní tirẹ̀ lágídí: Ctrl+V kì í gba ibẹ̀ yẹn kọjá, torí náà TextBox ni kí o lò. Ẹni tó ń fi WPF, irinṣẹ́ mìíràn bíi WinForms, kọ tirẹ̀, DataObject.AddPastingHandler ni kó wá lọ.

ShortcutsEnabled = false, ètò àpótí náà tó ń pa àwọn bọ́tìnnì àbùjá, náà á ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Ctrl+Z tí wọ́n fi ń dá àṣìṣe padà á bá a lọ, o ò sì ní mọ ẹni tó fẹ́ wọlé.

Ní ti ẹni tó ní kí o máa nu klípbọ́ọ̀dù: má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Gbogbo ètò tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà ló jọ ń lo klípbọ́ọ̀dù, kì í ṣe tìẹ nìkan. Akọ̀wé yín á kọ́pì nọ́ńbà àkáǹtì, á dé báǹkì, òfo. Bí ètò mìíràn bá sì dì í mú lásìkò yẹn, Clipboard.Clear, àṣẹ tó ń nu ún, á ju àṣìṣe kan tí wọ́n ń pè ní ExternalException, ètò rẹ á dákú lójú gbogbo kíláàsì. Má ka ohun tó wà nínú klípbọ́ọ̀dù náà o. Ọ̀rọ̀ aṣínà ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé WM_PASTE á mú gbogbo wọn. Ètò kékeré kan wà tó lè máa báni tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò sì ní débẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ lè gé gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀, kó tún un lẹ̀ sí ibòmíràn. Nítorí náà, má torí èyí nìkan fún ẹnikẹ́ni ní òdo. Tí òbí bá dé, mi ò sí níbẹ̀.

Kí ló tilẹ̀ dé tí àyọkà náà fi ṣe é kọ́pì? Má sọ pé Label, ohun tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ tí a kì í tẹ nǹkan sí sójú ètò, lo máa fi gbé e o. Bí wọ́n bá fi máòsì tẹ Label lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á bọ́ sínú klípbọ́ọ̀dù. Èmi náà jiyàn títí, àfìgbà tí mo dán an wò. Yà á bí àwòrán, kí o gbé e sínú PictureBox, àpótí àwòrán.