Ẹ Bi Ìyá Láíbírì: Mo Ti Mọ Apànìyàn Kí N Tó Ka Orí Kẹta

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Láíbírì. Ó ti tó ọdún 7 tó jẹ́ pé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìkan ni mò ń kà. Ní báyìí, orí kejì ni mo ti máa ń mọ ẹni tó pààyàn. Mo yá ìwé ìtàn ìfẹ́, oorun gbé mi lọ. Mo yá ìwé ewì, kò wọ̀ mí lára. Irú ìwé wo ni kí n yà sí?
— Ọmọ yín, Ojú Ti Là

Ojú Ti Là, ọmọ mi, èmi náà ní ìbéèrè. Nínú gbogbo ìwé tí o ti kà, èwo ni o kò lè gbé sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́? Má sọ irú ìwé tó jẹ́. Ohun tó dì ọ́ mú nínú rẹ̀ ni kí o sọ.

Ọdún 31 ni mo fi jókòó sídìí tábìlì láíbírì kí n tó fẹ̀yìntì. Bàbá kan wà tó jẹ́ pé ìwé ogun ló máa ń yá. Ìgbà tí mo wo àwọn tó ti yá, mo rí i pé ojú òkun ni gbogbo ogun náà ti wáyé. Mo fún un ní ìwé nípa ẹja àbùùbùtán. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà wá gba òmíràn.

Nancy Pearl, tóun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ láíbírì ní Amẹ́ríkà, sọ pé ilẹ̀kùn mẹ́rin la máa ń gbà wọnú ìwé: ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀, àwọn èèyàn inú rẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti èdè rẹ̀. Tìrẹ ò lè ju ìṣẹ̀lẹ̀ lọ. Ìwọ fẹ́ràn kí wọ́n máa tọ ipasẹ̀ nǹkan.

Ó yá, fi ìwé àròsọ sílẹ̀, kọjá síbi ìwé ìtàn ìṣègùn. Ní 1854, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 600 ládùúgbò Broad Street ní London. Òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ dókítà dá lẹ́bi. John Snow, tóun náà jẹ́ dókítà, kò gbà. Ó ń bèèrè láti ilé dé ilé, ó ń fi àmì òkú sórí máàpù, àwọn àmì náà sì ṣù jọ yí ẹ̀rọ omi kan ká. Ṣùgbọ́n opó kan kú ní Hampstead, níbi tó jìnnà sí ẹ̀rọ náà! Àṣé ó fẹ́ràn omi ẹ̀rọ Broad Street yẹn, wọ́n sì máa ń gbé e lọ fún un. Ṣé orí kejì ni ìwọ ìbá ti mọ̀ ọ́n? Níbi tí wọ́n bá ti ń lo òǹkà Dewey, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé sórí pẹpẹ láíbírì, nọ́ńbà 614 ni kí o wá. Tí o bá kà á tán, ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, wo àwọn ìwé tí òǹkọ̀wé lò, mú ọ̀kan níbẹ̀.

Ewì? Ọ̀kan lóòjọ́, kí o sì kà á sókè. Ìtàn ìfẹ́, fi í sílẹ̀ ná.

Pearl yìí náà ló ní kéèyàn fún ìwé ní ojú ewé 50 kó tó pa á tì. Ẹni tó bá ti lé ní 50 ọdún, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100. Ẹni ọdún 68 ni mí, 32 ni tèmi. Èyí tí mò ń kà lọ́wọ́ ti dé ojú ewé 29, n kò sì tíì mọ ohun tó ń wí. Ó ku mẹ́ta.