Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun: owó tí kò sí lára tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìbéèrè, àbúrò mi. Ẹ ní ẹ̀yin, ìyàwó yín àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yín fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ méje láti Barcelona ní Sípéènì nínú oṣù kẹjọ. Ẹ wá ń bi wá ní nǹkan mẹ́ta: ṣé dandan ni típù (owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀), ṣé kí ẹ ra ìrìn ìgboro (ìrìn àfẹ́ nínú ìlú tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí) lọ́wọ́ ọkọ̀ tàbí kí ẹ máa dá lọ, àti ṣé pákéèjì ohun mímu tí wọ́n ń fi ímeèlì dà yín láàmú lé lórí yìí tó owó rẹ̀. Èmi gan-an ni kí ẹ bi. Gbogbo àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣe tán, owó wa la sì fi ṣe é.

Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági tuntun n'Ìbàdàn, ó ti lé lógún ọdún. Kí àwọn ọmọ tó fi ìrìn àjò yìí ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún fún bàbá wọn, omi tó fẹ̀ jù tí mo tíì fojú rí ni ti Ẹlẹ́yẹlé. Nígbà tí a dé èbúté ní Barcelona tí mo rí ọkọ̀ náà, mo sọ fún bàbá pé bí wọ́n bá dá Ilé Kòkó ti Dùgbẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí omi, kò tíì gùn tó èyí. Ẹnu mi ò padé. Ẹnu tí ò padé yẹn ni wọ́n fi ń rí owó gbà lọ́wọ́ wa.

Ìdí ni pé nínú ọkọ̀, ẹ ò ní fojú rí owó. Káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fún yín, òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá, òun náà ni pọ́ọ̀sì. Ẹ nà án sí wọn, ẹ̀rọ á dún píì, ó parí. Èmi tí mo máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ mi, n ò mọ iye tí a ti ná títí di ọjọ́ karùn-ún. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti pinnu ohun tí ẹ máa rà àti ohun tí ẹ ò ní rà. Ẹni tó bá dénú ọkọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ n mú típù kọ́kọ́. Nínú ọkọ̀ tiwa, 18 dọ́là ni wọ́n ń yọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ènìyàn méjì fún ọjọ́ méje, 252 dọ́là nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lóòótọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná, ọmọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ò kà á débẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọkùnrin kan ń tọ́jú yàrá wa lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí kì í jẹ́ kí ibùsùn tutù kó tó tẹ́ ẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ọ̀bọ funfun kan tó rọ̀ láti òkè yàrá, tó fi awò ojú wò mí. Mo figbe ta! Bàbá sáré wọlé. Táwẹ́ẹ̀lì ni. Ọmọ yẹn ló ká táwẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ó wá fi awò ojú bàbá sí i lójú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, àti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ 10 dọ́là sábẹ́ ìrọ̀rí fún un láràárọ̀. Ọjọ́ karùn-ún tí mo lọ béèrè nǹkan ní kántà ni obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ ìwé owó wa jáde tí mo rí i pé típù ti ń jáde láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ èènì. Tí mo bá wọn aṣọ fún oníbàárà, tí mo fi díẹ̀ lé e, èènì nìyẹn, ó ti inú mi wá. Èyí tí wọ́n ti kọ sínú ìwé owó kí ẹ tó débẹ̀, iye ọjà ni. Ẹ kà á mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì láti ìsinsìnyí lọ, kí ọkàn yín balẹ̀. Ọmọ yín náà wà nínú rẹ̀ o: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, iye kan náà ni wọ́n ń yọ lórí ọmọdé àti àgbà. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. P&O ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kó o wọnú owó tíkẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2019. Ẹ wo ti yín dáadáa.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ lè lọ sí kántà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òótọ́ ni. Bàbá fẹ́ lọ, mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Philippines, Indonesia àti Íńdíà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọ́jú yàrá àti àwọn tó ń gbé oúnjẹ. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń wà lórí omi láìfojú kan ọmọ wọn, owó yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n ń retí. Ẹni tó ń náwó fún onílù lóde àríyá ní Ìbàdàn tí kò wá ní lè san ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi, àfi tó bá ti ọkàn yín wá. Ohun kan tún wà: lórí ọtí, ìwọ́ra àti irun ṣíṣe, wọ́n á ti fi owó iṣẹ́ lé iye rẹ̀, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni nínú ọkọ̀ tiwa. Àlàfo kan á tún wà nísàlẹ̀ rìsíìtì pé kí ẹ kọ típù sí i. Ẹ fà á nílà kọjá.

Ti ohun mímu ló dùn mí jù. Bàbá fẹ́ràn bíà, kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, ó tán. Èmi ò fẹnu kan ọtí rí. Ọjọ́ tí a wọkọ̀, ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó ní 70 dọ́là lójúmọ́, gbogbo ohun tó bá wù yín ni kí ẹ máa mu. Bàbá ní òun fẹ́. Ọmọbìnrin náà wá ní tí àgbà kan bá rà á, gbogbo àgbà tó wà nínú yàrá kan náà gbọ́dọ̀ rà á. Wọn ò fẹ́ kí ẹnì kan san kí ẹni méjì mu. Kí n tó lanu, bàbá ti na káàdì sí i.

Ẹ bá mi ṣírò. 70 dọ́là, ẹ fi ìdá 18 lé e, 82.60. Ọjọ́ méje, 578.20. Àwa méjì, 1,156.40. Bíà nínú ọkọ̀ yẹn jẹ́ 8 dọ́là, pẹ̀lú ìdá 18 ó di 9.44. Méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, 132.16. Ẹ gbọ́ ọ báyìí? Ká ní à ń rà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan, kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí a san. Èmi tí mo máa ń ná aṣọ dé ibi tí àwọn Íbò á fi ní kí n máa lọ!

Bàbá ní òun máa mu owó òun jáde nínú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ ń ru, kò lè jáde nínú yàrá, Marseille ti ilẹ̀ Faransé kọjá lọ lójú fèrèsé. Èmi náà ń mu kọfí olówó gọbọi nítorí pé ó wà nínú pákéèjì, n ò rí oorun sùn. Kí pákéèjì yẹn tó pa owó rẹ̀, ẹ ní láti mu bíà 9 lójúmọ́, tàbí bíi kọ́kítéèlì 6. Nínú ìrìn tiwa, ọjọ́ kan ṣoṣo la fi wà lójú omi látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn ọjọ́ yòókù, ìgboro la wà, owó pákéèjì sì ń lọ. Ẹ ní ìyàwó yín kì í mutí. Ẹ má rà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń gbà kí ẹni tí kì í mutí ra ti ẹlẹ́rìndòdò dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n láti béèrè, kò sẹ́ni tó máa fún un yín láìbéèrè. Tí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti rà á kí ẹ tó gbéra, ó sábà máa ń wọ́n sí i tí ẹ bá ti wọkọ̀.

Omi, tíì, kọfí lásán àti omi èso láàárọ̀, ọ̀fẹ́ ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ gbé ike omi kan dání. Ọ̀pọ̀ wọn á jẹ́ kí àgbà kọ̀ọ̀kan gbé ìgò wáìnì kan wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọtí líle, wọ́n á gbà á; àwọn kan á dá a padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan ò ní dá a padà. Wọ́n gba àgbo bàbá náà. Ọ̀gá wọn ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yáa dé e kíákíá, ó lẹ ìwé orúkọ wa mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, àgbo náà jókòó láàárín àwọn ìgò whisky bí ọba.

Ìrìn ìgboro ńkọ́? Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni èbúté ṣe jìnnà sí ìlú tó? Tí wọ́n bá kọ Róòmù sínú ìwé, Civitavecchia ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, Róòmù sì jẹ́ nǹkan bí 80 kìlómítà síbẹ̀. Bí ẹni pé wọ́n ní ẹ ti dé Ìbàdàn, tí wọ́n wá já yín sílẹ̀ ní Ògèrè. Irú ibẹ̀, ẹ ra ti ọkọ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Tiwa há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, aago ìwọlé kọjá, gbogbo wa jókòó wẹ́rẹ́. Àwọn tó dá wọ ọkọ̀ ojú irin san owó tí kò tó 10 yúrò ní àlọ, wọ́n rówó ṣẹ́kù lóòótọ́, àmọ́ tí ọkọ̀ ojú irin bá já wọn kulẹ̀, àwọn ló máa fi owó ara wọn wá ọ̀nà lọ bá ọkọ̀ òkun ní èbúté tó kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́wọ́, ẹ má dán an wò.

Kí ẹ ka orúkọ ohun tí ẹ ń rà o. Tiwa lé ní 70 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ nítòsí Vatican, awakọ̀ ní ká padà wá ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní amọ̀nà wa dà? Obìnrin Òyìnbó kan tó wà lẹ́yìn wa ló fi han mí lórí tíkẹ́ẹ̀tì: "on your own". Àwa fúnra wa! Gbogbo owó yẹn, ti bọ́ọ̀sì nìkan ni. Ìró àti bùbá mi ló gbà mí lọ́jọ́ náà, torí wọn ò jẹ́ kí ẹni tí èjìká tàbí orúnkún rẹ̀ wà níta wọ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù. Wọ́n ń dá àwọn ọmọ Òyìnbó padà, èmi ń wọlé lọ gbẹ̀fẹ́.

Naples, ìlú mìíràn ní Ítálì, yàtọ̀. Inú ìlú gan-an ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ẹ jáde lẹ ti rí ilé olódi ńlá níwájú. Kí la fẹ́ ra ìrìn sí níbẹ̀? A fẹsẹ̀ rìn, a wọ àdúgbò tí wọ́n ń sá aṣọ kọjá títì láti ilé kan sí èkejì, ó jọ Ọjà'ba lójú mi. A jókòó jẹ pizza. Ẹ má bínú tí wọ́n bá kọ "coperto" sí ìwé owó yín, owó ìjókòó ni, kì í ṣe típù. Ibi tí a ti ń jẹun ni mo ti gbójú sókè wo aago ara ògiri: aago márùn-ún. Mo wo ọwọ́ bàbá: aago mẹ́rin. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọkọ̀. Mo ní aago wọn ti bàjẹ́. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó rọra gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Títí, aago Ìbàdàn ló wà lọ́wọ́ mi." Nígbà ooru tiwọn lọ́hùn-ún, wákàtí kan ni Ítálì fi ṣíwájú wa, ọkùnrin yìí ò sì tíì yí aago rẹ̀ láti Mọ́kọ́lá! Ẹ ò rí bí a ṣe sáré. Mo ká ìró dé orúnkún, bàbá bọ́ sálúbàtà, ó gbé e lọ́wọ́, fìlà rẹ̀ já bọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù tí a fi débẹ̀. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ fi aago yín sí, látọjọ́ kìíní.

Kí n tó gbàgbé káàdì. Tí ẹ bá fi káàdì àkáǹtì dọ́là yín sílẹ̀, wọ́n á máa há owó mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì lè pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ ti délé kí báńkì tó tú u sílẹ̀. Tèmi há 400 dọ́là, a sì fẹ́ lò ó ní Barcelona. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń gba owó lọ́wọ́ ní kántà dípò káàdì, ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn báyìí. Fíìsà ńkọ́? Tí ọkọ̀ bá máa yà sí Tùnísíà tàbí Túrkì kó tó padà sí Sípéènì, ti Schengen (fíìsà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan ò ní gbé yín padà wọlé, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ gbéra rárá.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìsọ̀kalẹ̀, ẹ lọ gba ìwé owó yín ní kántà, ẹ má dúró dàárọ̀, ìlà á ti gùn. Tiwa, wọ́n ka ìwọ́ra kan mọ́ wa lọ́rùn tí ẹnikẹ́ni ò wọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá ná, mo wò ó lójú dáadáa, kí n tó ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ kọ orúkọ àwọn èbúté tó wà nínú ìwé yín síbí, kí n sọ èyí tí ẹ lè dá rìn nínú wọn.