Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ser, estar, tener àti haber nínú èdè Sípáníìṣì?

Ser ni a fi ń sọ ohun tí ènìyàn tàbí nǹkan jẹ́, estar ni ti ibi tó wà tàbí ipò tó wà, tener ni "ní", haber sì ń ran ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn lọ́wọ́.

Yorùbá náà ya "jẹ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "wà", nítorí náà ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Soy médico (ser): dókítà ni mí. Estoy en casa (estar): mo wà nílé. Ẹ má gbára lé òfin tó ní ser wà fún ohun tó máa ń pẹ́, estar fún ti ìgbà díẹ̀. Está muerto, "ó ti kú", estar ló gbà. Es aburrido, ó máa ń súni; está aburrido, nǹkan ti sú u. Àmọ́ ibi tí ayẹyẹ ti ń wáyé, ser ló ń gbà: la fiesta es en mi casa, ilé mi ni àríyá náà ti máa wáyé.

Tener la fi ń sọ ọjọ́ orí (tengo veinte años, ọmọ ogún ọdún ni mí) àti ebi (tengo hambre, ebi ń pa mí).

Haber kì í sọ ohun ìní mọ́ lóde òní. He comido, mo ti jẹun. Hay, tó jẹ́ ọ̀kan lára ìrísí haber, túmọ̀ sí "ó wà", kì í sì í yí padà bí nǹkan bá pọ̀: hay un libro, hay dos libros.