Ẹ Dúró Tì Wọ́n Títí Ìtọ́jú Náà Yóò Fi Parí

Ẹ kú ìdààmú, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ sọ pé ọmọ àbúrò yín ọkùnrin, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn sọ pé ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní kímò, ìyẹn oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àti pé gbogbo ẹbí ló fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ láìmọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin tí ó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà ni mí, ọmọ náà sì ti parí ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn, àwọn dókítà rẹ̀ ló ni ín. Èyí tí mo lè sọ ni bí ìrànlọ́wọ́ ẹbí ṣe máa ń rí lára àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún, nítorí mo ti wà ní ipò yẹn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ tí ẹbí lè ṣe ni láti rí i pé ìtọ́jú náà kò dáwọ́ dúró láàárín ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, ó ju 80 lọ nínú 100 ọmọdé tí jẹjẹrẹ ń ṣe tí ó ń rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ ní ọwọ́ wọn, wọn kì í tó 30. Lára ohun tí ó fà á ni pé àwọn òbí kì í tètè mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ, pé oògùn máa ń wọ́n, àti pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń fi ìtọ́jú sílẹ̀ kí ó tó parí. Ní ti ọmọ yín, àwọn dókítà ti mọ àrùn náà, oògùn sì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó kù yìí, ọwọ́ ẹ̀yin ẹbí ni ó wà.

Oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jùlọ lára àwọn ọmọdé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ALL (acute lymphoblastic leukaemia), máa ń gba ìtọ́jú ọdún méjì sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí gbọ́ iye ọdún yẹn láti ìsinsìnyí, nítorí bí ìrànlọ́wọ́ ṣe máa ń rí ni pé gbogbo rẹ̀ máa ń dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé wa ní Mọ́níyà kún fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, páálí ohun mímu àti èso pọ̀ débi pé a ń pín in fún aládùúgbò. Nígbà tí ó fi máa di pé a ti lo òògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tí ó ń pè wá kò tó nǹkan mọ́. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀dá ènìyàn ni wọ́n, kálukú sì ní ìṣòro tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni a nílò wọn jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Oògùn oṣù àkọ́kọ́ máa ń le, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ náà pẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Tí oṣù yẹn bá parí, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọmọ náà máa ń mọ́, tí àyẹ̀wò kò ní rí àrùn náà mọ́. Ọmọ á máa sáré kiri àgbàlá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún, ẹnì kan nínú ẹbí á sì sọ pé Ọlọ́run ti ṣe é, kí ni wọ́n tún ń náwó lé lórí? Ewu ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àrùn tí àyẹ̀wò kò rí ṣì máa ń kù nínú mùdùnmúdùn eegun, bí oògùn bá sì dáwọ́ dúró, wọ́n á tún pọ̀ sí i; jẹjẹrẹ tí ó bá padà wá máa ń ṣòro wò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà yóò fi máa lo oògùn oníhóró fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá lójú yín. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a lábàá pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ dá a lóhùn, nítorí pé àbúrò yín lè má lè bá àgbà ilé jiyàn, ìyàwó rẹ̀ kò sì ní lè ṣe é rárá. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ṣe fún wa, kò sí èyí tí mo ń rántí tó ọjọ́ tí ó dìde láàárín ìpàdé ẹbí tí ó sọ pé dókítà nìkan ni yóò sọ ọjọ́ tí oògùn ọmọ yìí yóò parí.

Ní ti owó, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yan ẹnì kan tí gbogbo ẹbí fọkàn tán, kí ó máa gba ohun tí kálukú bá lè dá lóṣooṣù, bí ẹní ń dá àjọ, kí ó sì máa tọ́jú rìsíìtì. Kí owó oògùn tí ó kàn ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, nítorí bí òbí bá ń wá owó kiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, ọjọ́ náà á yẹ̀, èyí tí ó tẹ̀lé e á sì yẹ̀. Kí ẹnì kan tún lọ bá àwọn sóṣíà wọ́kà ilé ìwòsàn náà, kí ó béèrè ètò ìrànwọ́ tí ó wà fún àwọn ọmọdé, kí ó sì béèrè ohun tí ìṣedúró ìlera (health insurance) ìjọba àpapọ̀ tàbí ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè san, bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ títò lórí ìlà nìyẹn, àwọn òbí kò sì ní àyè fún un.

Ẹ̀jẹ̀ ni ohun kejì tí yóò máa dé láìròtẹ́lẹ̀. Àrùn náà àti kímò máa ń jẹ́ kí PCV ọmọ, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wálẹ̀, dókítà á sì ní kí ẹ wá ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹni náà ti pé ọdún 18, kí ó sì wúwo tó kílò 50. Fún ìdí èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo géńdé ẹbí lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo tí ojú àánú ṣì ń ṣe wọ́n. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní títò-tẹ̀lé-ara, kí ẹnì kan máa mójú tó o, kí ẹni tí ó kàn ti mọ̀ pé òun ló kàn. Nígbà mìíràn, platelet ni wọn yóò béèrè, ìyẹn apá ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ máa ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣeé lò ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, nítorí náà kò ṣeé kó pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Ènìyàn tí yóò wá bí a bá pè é ló ń fẹ́.

Gbogbo ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ náà, kódà fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìgbóná ara. Kímò máa ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá kòkòrò àrùn jà kù, pàápàá láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn náà. Bí ìgbóná ara rẹ̀ bá dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ agogo méjì òru. Ní Ìbàdàn wa níbí, bí ara ọmọ bá gbóná, ibà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ rò, a ó sì lọ ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì. Ẹ má ṣe é fún ọmọ yìí. Ẹ má ṣe fi paracetamol bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀ kí dókítà tó rí i, ẹ má sì fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, nítorí pé wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Àgbo náà ńkọ́? N kò kẹ́gàn ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí ó ń sẹ́ kímò kúrò lára kò yẹ ní ohun tí a óò tún fi àgbo dà láàmú, dókítà kò sì ní lè mọ èwo nínú méjèèjì ló ń ṣe ọmọ. Bí ọmọ kan ní ilé tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ bá ní ìgbóná olódé (chickenpox) tàbí éèyi, kí wọ́n sọ fún dókítà kíákíá.

Nítorí náà, ẹ bá wọn wá ẹnì kan ní àdúgbò wọn tí ó ní ọkọ̀, tí kò ní pa fóònù rẹ̀ lóru. Ẹni bẹ́ẹ̀ níye lórí gan-an. Ìrìn ọ̀sán náà kò rọrùn: láti Mọ́níyà dé Ojóò, láti Ojóò gba Sango dé Mọ́kọ́lá, nínú takisí Micra tí èrò fún pọ̀ mọ́ra wọn, ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ wà láàárín àwọn tí ń wúkọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò máa gbé wọn lọ ní ọjọ́ ìpàdé dókítà ti ṣe ju ẹni tí ó wí pé kí wọ́n pe òun bí wọ́n bá nílò ohunkóhun. Àwọn òbí kì í pè. Ojú máa ń tì wọ́n, tàbí kí ó rẹ̀ wọ́n débi pé wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá béèrè. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ óò ṣe àti ọjọ́ tí ẹ óò ṣe é. Bí ẹ bá ń gbé oúnjẹ lọ, kí ó jẹ́ èyí tí ó jiná dáadáa, tí ó ṣì gbóná, kì í ṣe ẹ̀fọ́ tútù, wàrà ìta, ẹyin tí kò jiná tàbí ṣúyà ojú pópó. Àwọn oògùn kan wà tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti ibi tí wọ́n ti rà á dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó ní kúlà àti yìnyín nílé kí ó mọ̀ pé òun náà ní iṣẹ́ ṣe.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má parọ́ fún un. Àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, yóò sì gbọ́ orúkọ àìsàn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ mìíràn bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá àti ìyá rẹ̀. Irun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í re láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ lèyí lójú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ń di ṣùkú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ irun ara wọn wò. Ọmọ mi sunkún nítorí irun ju bí ó ṣe sunkún nítorí abẹ́rẹ́ lọ. A gé e kanlẹ̀ kí ó tó máa já sórí ìrọ̀rí, àǹtí rẹ̀ kan sì rán fìlà ańkárá fún un pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ òun nìkan ni yóò máa dé e. Bákan náà, oògùn steroid tí wọ́n ń fún un máa ń mú kí ebi pa ọmọ lóru, kí inú rẹ̀ sì máa ru ṣùṣù láìnídìí. Ẹ má ṣe sọ pé wọ́n ti bà á jẹ́. Oògùn ni.

Bí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ mú wọn lọ́wọ́. Obìnrin kan ní òpópónà wa máa ń mú ọmọ mi ọkùnrin láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ó sì ń jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè san án fún un títí ayé.

Ohun kan tún wà tí ó gbọ́dọ̀ tẹnu ẹ̀yin àgbà jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá ẹni tí ó ṣe ọmọ náà. Wọn yóò fẹ́ béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ nígbà tí ó lóyún, tàbí ta ni ó bá jà, tàbí irú ìdílé tí ó ti wá. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe, kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ohun tí ó fà á. Kì í ràn, kì í sì í ṣe oúnjẹ ilé ló fà á. Ìyá tí ó ń sùn lórí àga wọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ tún máa wẹ ara rẹ̀ mọ́ níwájú ẹbí ọkọ. Ẹ gbàdúrà fún wọn, àwa náà gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ lọ sí àárín èrò ìsọjí, kí wọ́n má sì ní kí ó gbààwẹ̀.

Bí ìrora bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n béèrè fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ìrora. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, palliative care ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹni tí ó ń kú lọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ka náà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí oògùn bá parí, wọn yóò ṣì máa padà lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lemọ́lemọ́ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ó máa jìnnà síra. Irun rẹ̀ á ti hù, yóò ti padà sí kíláàsì, àwọn ènìyàn á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò ní sùn ní alẹ́ tí ó ṣáájú àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ bá a lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì dúró tì í títí wọn yóò fi mú èsì jáde láti láàbù.