“Ó Ṣubú Ni,” Wọ́n Ní: Báwo Ni Mo Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Wọ́n Ń Lu Àbúrò Mi?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, nọ́ọ̀sì. Kubwa, ní Abuja, ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè dá rìn. Ilé ìtọ́jú kan níbí ló wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá àpá lára rẹ̀, wọ́n ní ó ṣubú ni. Wọ́n tún ní kí n máa pè kí n tó wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á lé e. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ jẹ́ ká ti orí “ó ṣubú” yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú, orúnkún, ìgúnpá, ojúgun àti iwájú orí ló sábà máa ń bó. Bó bá jẹ́ abẹ́ apá, etí, ọrùn tàbí ẹ̀yìn itan ni àpá wà, tàbí tí àmì yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po bí ojú okùn, irú ìṣubú wo nìyẹn? Ẹ sì ní kò lè dá rìn. Ta ló gbé e dìde tó fi ṣubú? Níbo? Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n á ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Ẹ wo ìbàdí rẹ̀ náà. Egbò níbẹ̀ sábà máa ń fi hàn pé wọ́n ń fi í sílẹ̀ lójú kan láìyí i padà. Bó bá ń sùn ṣáá lọ́sàn-án gangan, ẹ béèrè oògùn tó ń lò àti dókítà tó kọ ọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi oògùn oorun pa gbogbo yàrá lẹ́nu mọ́ torí òṣìṣẹ́ ò tó. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wọlé, tí àbúrò yín sì ká ara jọ, tó fi apá bojú, ẹ fi orúkọ onítọ̀hún sọ́kàn.

Ti ìpè yẹn, kò burú kí wọ́n ní àkókò ìbẹ̀wò. Àmọ́ ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan láìpè, lásìkò oúnjẹ. Ẹ má rò pé owó tí ẹ ń san ti tó: ní Rigasa, ní Kaduna, tí ọlọ́pàá ti kó ènìyàn tó lé ní 300 jáde nílé kan lóṣù Kẹsàn-án 2019, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹsẹ̀ àwọn kan, àwọn òbí ló ń sanwó wọn.

Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà o. Ẹ ya fọ́tò àpá náà, ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an, kí ẹ sì gbé àbúrò yín lọ sí ọsibítù ìjọba kí dókítà kọ ohun tó rí. Bó bá jọ pé wọ́n fipá bá a lò pọ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ rẹ̀ sí, kì í ṣe inú láílọ́nù, kí ẹ sì débẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, torí oògùn tó ń dènà HIV kò ní ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu lónìí, ẹ pe 112. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, lórí 627. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ sókè òkun nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àmọ́ òfin 2015 tó tako ìwà ipá sí ènìyàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ọwọ́ wọn ló wà. Ẹ tún kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Wọ́n lè lé e lóòótọ́, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹ ti bá ẹbí sọ ibi tó máa sùn kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, àyàfi tí ewu bá ti wà, ìyẹn kì í dúró. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa gbé e lọ, ẹ gba oògùn àti fáìlì rẹ̀ kí ẹ tó jáde ní géètì.