"A dúpẹ́" kì í ṣe èsì ìwádìí

Àbúrò mi, o ní o bi aláìsàn 40 léèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan lẹ́bàá Ọ̀fà, gbogbo wọn ní ìtọ́jú dára, o wá ń bi wá bóyá kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì kọ ọ́.

Èmi náà ṣe irú iṣẹ́ yìí lágbègbè Òmù-Àrán. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń mààkì "dáadáa". Ẹ̀gbẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí! Ìyá àgbà wo ni yóò wo ojú ẹni tí yóò gún un lábẹ́rẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, tí yóò ní kò mọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe? Bí ara kò tilẹ̀ yá rárá, "a dúpẹ́" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa.

Ìyá kan ló là mí lójú. Ó ti sọ fún mi nínú ilé ìwòsàn pé, "Wọ́n ṣe dáadáa, ọmọ mi." Mo wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò níta, ó ń dúró de ọ̀kadà. Mo ní, "Màmá, oògùn wo ni wọ́n fún yín?" Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ bébà kan. Oògùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Panadol nìkan ni wọ́n rí fún un. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tó torí ẹ̀ wá, wọ́n ní kó lọ rà á ní kẹ́mísìtì. Aago méje àárọ̀ ló ti dé, ọ̀sán ti pọ́n, wọn ò sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ torí pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, "ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an" ni mo mààkì. Ojú tì mí.

Lọ́dún 1966, dókítà Avedis Donabedian ní tí a bá fẹ́ mọ bí ìtọ́jú ṣe dára tó, kí á wo nǹkan mẹ́ta: ohun tó wà nílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ohun tí wọ́n ṣe fún aláìsàn, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò lè ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wo ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìdójútòfò ìlera ní ìgbèríko Kwara níbí. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru lọ́dún 2009, wọ́n tún padà wọ̀n ọ́n lọ́dún 2011. Níbi tí ìdójútòfò wà, ìfúnpá tòkè, ìyẹn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kọ tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, fi nǹkan bí 10 wálẹ̀. Níbi tí kò sí, nǹkan bí 5. Ẹnikẹ́ni ò lè fi "a dúpẹ́" bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ka iye oògùn tí wọ́n kọ, ka iye tí wọ́n fúnni. Kọ aago tí aláìsàn dé àti èyí tó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, bá a dé ilé, má gbé káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn.

Má sì torí ẹ̀ bá nọ́ọ̀sì jà. Èyí tí mo bá níbẹ̀, òun nìkan ló ń gba orúkọ, tó ń gún abẹ́rẹ́, tó tún ń fún ọmọ lájẹsára. Nígbà tí mo ka iye oògùn sí i létí, ṣe ló yọ ìwé tó fi ń béèrè oògùn: ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ ọ́ ránṣẹ́, kò rí èsì. Mo fi ìyẹn náà sínú iṣẹ́ mi.

Fọ́ọ̀mù 40 tó wà lọ́wọ́ rẹ, má sọ wọ́n nù. Ṣáà kọ ibi tí o jókòó sí nígbà tí wọ́n ń dáhùn sí i.